Ojú kọ̀ǹpútà kékeré àbí ńlá? Ìfiwéra fún ọkùnrin àti obìnrin tó ń yàwòrán ilé

Nígbàkígbà tí LAUTECH, yunifásítì tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba akẹ́kọ̀ọ́ tuntun, àwọn òbí a máa wọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Under-G àti ní Tákìè. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tí ọlọ́jà máa kọ́kọ́ bi wọ́n ni pé, "Ọkùnrin ni àbí obìnrin?" Ẹ̀yìn ìyẹn ni yóò tó béèrè iṣẹ́ tí ọmọ fẹ́ kọ́, bó bá tiẹ̀ béèrè. Tó bá jẹ́ ọkùnrin, láàpútọ́ọ̀pù ńlá oní 15.6 íǹṣì ni yóò gbé jáde, yóò ní, "Èyí ló máa gbé AutoCAD, ó tún máa gbé géèmù." Tó bá jẹ́ obìnrin, èyí tó fẹ́lẹ́ tó ṣeé tì sínú báàgì, oní 11.6 tàbí 13 íǹṣì, ni yóò nà sí wọn. Ọlọ́jà ò ṣẹ̀, ọjà ló ń tà. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ Architecture, Civil Engineering tàbí Urban and Regional Planning ni ọmọ náà fẹ́ kọ́, ìmọ̀ràn yẹn dorí kodò. Ó ti lé ní ogún ọdún tí ìwádìí ti fi hàn pé, nínú iṣẹ́ tó gba kéèyàn máa rìn kiri inú ilé tí kò tíì sí, obìnrin ni ojú kọ̀ǹpútà ńlá máa ń ṣe láǹfààní jù.

Iṣẹ́ àwòrán ilé ni mò ń ṣe, mo sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní AutoCAD àti SketchUp, ètò orí kọ̀ǹpútà tí a fi ń yàwòrán ilé. Mi ò ta kọ̀ǹpútà, mi ò sì gba kọ́míṣọ̀n lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Mo fẹ́ gbé fóònù, láàpútọ́ọ̀pù, mọ́nítọ̀, tẹlifíṣọ̀n àti projector síwájú yín, kí n sọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dára fún, kí n sì sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ọkùnrin àti obìnrin ti kàn án àti ibi tí kò ti kàn án rárá.

## Ṣé lóòótọ́ ni ọkùnrin mọ àyè ju obìnrin lọ?

Ẹ jẹ́ ká yanjú èyí ná, torí òun ni gbogbo èèyàn ń fi ṣe àríyànjiyàn. Òye àyè ni mo pe ohun tí ọpọlọ fi ń mọ ibi tí nǹkan wà, bí yóò ṣe rí téèyàn bá wò ó láti ẹ̀yìn, àti ọ̀nà téèyàn lè gbà débẹ̀. Kì í ṣe ẹyọ kan ṣoṣo. Ní 1985, Marcia Linn àti Anne Petersen kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ, wọ́n sì pín in sí mẹ́ta: kéèyàn mọ ohun tó dúró ṣánṣán àti ohun tó tẹ̀ láìka bí ara òun fúnra rẹ̀ ṣe dúró sí, kéèyàn lè yí nǹkan po lọ́kàn, àti kéèyàn lè tú nǹkan tó díjú palẹ̀ ní ìpele-ìpele. Nínú yíyí nǹkan po lọ́kàn ni ìyàtọ̀ àárín ọkùnrin àti obìnrin ti pọ̀ jù. Nínú èyí tó kẹ́yìn, ìyàtọ̀ náà kéré débi pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa fi í ṣẹ̀fẹ̀.

Ìdánwò tí wọ́n fi ń mọ yíyí nǹkan po yẹn ní ìtàn. Ní 1971, Roger Shepard àti Jacqueline Metzler fi àwòrán méjì han èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà, àwòrán nǹkan tí wọ́n fi àwọn búlọ́ọ̀kù kéékèèké tò, wọ́n sì bi wọ́n bóyá nǹkan kan náà ni méjèèjì. Bí wọ́n bá ṣe yí ìkejì tó ni àkókò tí èèyàn fi ń dáhùn ṣe ń gùn tó, bí ẹni pé ọpọlọ ń fọwọ́ yí i lóòótọ́, nǹkan bí 60 dígírì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní 1978, Steven Vandenberg àti Allan Kuse sọ ọ́ di ìdánwò orí bébà: àwòrán kan lápá òsì, mẹ́rin lápá ọ̀tún, méjì nínú mẹ́rin yẹn ló bá a mu. Inú ìdánwò yìí ni èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ "ọkùnrin mọ̀ ọ́n jù" ti wá.

Àmọ́ aago wà níbẹ̀. Daniel Voyer fi hàn ní 2011 pé bí àkókò ìdánwò náà bá ṣe kúrú tó ni ìyàtọ̀ náà ṣe ń fẹ̀ sí i. Bí wọ́n bá fún àwọn èèyàn ní àkókò tó pọ̀, yóò dín kù. Mo máa ń rántí èyí tí mo bá rí olùkọ́ tó ń fi aago lé ọmọ ní kíláàsì. Ọjọ́ orí náà tún wà níbẹ̀: ìwádìí tí Jillian Lauer àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kó jọ ní 2019 fi hàn pé láàárín àwọn ọmọdé, ìyàtọ̀ náà kéré gan-an, ó wá ń pọ̀ sí i bí wọ́n ṣe ń dàgbà. Obìnrin náà sì ní tiwọn. Irwin Silverman àti Marion Eals rí i ní 1992 pé obìnrin máa ń rántí ibi tí wọ́n gbé nǹkan sí ju ọkùnrin lọ. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn èyí, kó lọ bi ìyá kan ní Ọjà Igbó bóyá ẹnì kan ti yí agolo tòmátò kan padà lórí àtẹ rẹ̀.

Ìpíndọ́gba ni gbogbo èyí o. Nínú ìdánwò kan náà, ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń gba máàkì ju ọ̀pọ̀ ọkùnrin lọ. Ẹ ò lè wo ojú ọmọ kan kí ẹ sọ ẹ̀gbẹ́ tó máa bọ́ sí.

Ọ̀rọ̀ mímọ ọ̀nà ńkọ́? Carol Lawton kọ ọ́ ní 1994 pé láàárín àwọn tí òun bi ní Amẹ́ríkà, obìnrin ló sábà máa ń tẹ̀ lé ọ̀nà ní ibi yíyà kan sí òmíràn, ọkùnrin ló máa ń ronú nípa ìhà tí òun kọjú sí. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, tọkùnrin tobìnrin ló ń fi mọ́ṣáláṣí, ilé epo àti ṣọ́ọ̀ṣì júwe ọ̀nà. Mi ò tíì rí bàbá kan ní ìlú yìí tó ní kí n kọrí sí àríwá fún igba mítà.

## Fóònù àti tẹlifíṣọ̀n ara ògiri: èwo ló tóbi jù lójú?

Kí a tó fi wọ́n wéra, ẹ mọ̀ pé íǹṣì tí wọ́n ń kọ sára páálí, láti igun dé igun ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n. Kò sọ bí ó ṣe fẹ̀ tó, kò sì sọ bí ẹ óò ṣe jókòó jìnnà sí i tó. Mo ṣírò rẹ̀ síbí fún àwọn ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ lọ́jà, pẹ̀lú ibi tí èèyàn sábà máa ń jókòó sí:

| Ohun èlò | Fífẹ̀ rẹ̀ | Ìjìnnà sí ojú | Ìwọ̀n tó gbà níwájú ojú |
|---|---|---|---|
| Fóònù 6.5 íǹṣì, tí a dà ní ìbú | sẹ̀ǹtímítà 15 | sẹ̀ǹtímítà 30 | dígírì 28 |
| Láàpútọ́ọ̀pù 14 íǹṣì | sẹ̀ǹtímítà 31 | sẹ̀ǹtímítà 50 | dígírì 34 |
| Láàpútọ́ọ̀pù 15.6 íǹṣì | sẹ̀ǹtímítà 35 | sẹ̀ǹtímítà 50 | dígírì 38 |
| Mọ́nítọ̀ 24 íǹṣì | sẹ̀ǹtímítà 53 | sẹ̀ǹtímítà 60 | dígírì 48 |
| Tẹlifíṣọ̀n 32 íǹṣì lórí tábìlì | sẹ̀ǹtímítà 71 | sẹ̀ǹtímítà 80 | dígírì 48 |
| Tẹlifíṣọ̀n 43 íǹṣì lára ògiri | sẹ̀ǹtímítà 95 | mítà 2 | dígírì 27 |

Ẹ wo ìlà àkọ́kọ́ àti èyí tó kẹ́yìn. Fóònù tí ẹ gbé sún mọ́ ojú àti tẹlifíṣọ̀n ńlá tó wà lára ògiri pálọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gba àyè kan náà níwájú ojú yín. Fóònù tiẹ̀ fi díẹ̀ jù ú. Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè ní, "Kí wá ni mo fẹ́ fi ńlá ṣe? Ṣebí kí n gbé kékeré sún mọ́ ojú ni."

Desney Tan, Darren Gergle, Peter Scupelli àti Randy Pausch ti Carnegie Mellon ní Amẹ́ríkà bi ara wọn ní ìbéèrè yìí gan-an, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2003. Wọ́n lo mọ́nítọ̀ orí tábìlì àti àwòrán ńlá tí wọ́n tàn sára ògiri, wọ́n wá jẹ́ kí ọ̀kan sún mọ́ ẹni tó ń wò ó, kí èkejì jìnnà sí i, títí tí méjèèjì fi gba ìwọ̀n kan náà níwájú ojú. Wọ́n kọ́kọ́ fún àwọn èèyàn ní ohun kíkà, kí wọ́n kà á kí wọ́n sì dáhùn ìbéèrè lórí rẹ̀. Kò sí ìyàtọ̀ gidi kan. Wọ́n tún fún wọn ní iṣẹ́ òye àyè, irú èyí tó gba kéèyàn mọ ìhà tí òun kọjú sí. Lórí èyí tó tóbi, àwọn èèyàn ṣe dáadáa ju ti kékeré lọ ní nǹkan bí ìdá 26 nínú 100. Ojú rí ìwọ̀n kan náà, ọwọ́ ṣe iṣẹ́ kan náà, síbẹ̀ èyí tó tóbi ní tòótọ́ borí.

Ní 2006, wọ́n fi kún un: yíyí nǹkan po lọ́kàn, rírìn nínú ilé orí kọ̀ǹpútà, àti rírántí bí ibẹ̀ ṣe rí lẹ́yìn tí wọ́n kúrò. Ibi kan náà ló já sí. Àlàyé wọn ni pé ohun tó tóbi máa ń fa èèyàn wọ inú àwòrán, kó máa ronú bí ẹni tó wà níbẹ̀, dípò kó máa wò ó láti ìta.

Èmi gba àlàyé yẹn, torí mo ń rí i lọ́dọ̀ àwọn oníbàárà. Bí mo bá na púláànù fúláàtì oníyàrá mẹ́ta sí bàbá kan lórí láàpútọ́ọ̀pù, yóò máa mi orí bí ẹni tó yé. Ìgbà tí bíríkìlà bá ti gbé ògiri dé líńtẹ̀lì ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ ní yàrá kéré. Bí mo bá gbé ilé kan náà sórí tẹlifíṣọ̀n tí mo sì mú un rìn láti ẹnu ọ̀nà dé kíṣìnì, ibẹ̀ ni yóò ti ní, "Dúró ná, ilẹ̀kùn yìí máa gbá fíríìjì." Bó bá jẹ́ pé ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀, òun ló máa kọ́kọ́ sọ ọ́.

## Kíkà, yíya, rírìn: iṣẹ́ ni kí ẹ wò, kì í ṣe ẹni tó ń ṣe é

Ibi tí mò ń lọ rèé. Tó bá jẹ́ pé nótì kíkà, lẹ́tà títẹ̀ àti ìṣirò Excel ni iṣẹ́ ọmọ náà, láàpútọ́ọ̀pù kékeré tó fún un, ọkùnrin ni o, obìnrin ni o. Ẹ má ná owó lórí títóbi. Ẹ ná an lórí bátìrì.

Tó bá jẹ́ pé púláànù pẹlẹbẹ lásán ni, ìlà àti ìwọ̀n nínú AutoCAD, ohun tó ṣe pàtàkì jù ni iye àmì tíńtìntín (pixel) tó wà lójú kọ̀ǹpútà náà. Ọ̀pọ̀ láàpútọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ló jẹ́ 1366 × 768. Èyí tó jẹ́ 1920 × 1080 fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ìlọ́po méjì àmì yẹn, ìlà ibẹ̀ yóò sì mú kedere. Láàárín 14 íǹṣì tó jẹ́ 1920 × 1080 àti 15.6 tó jẹ́ 1366 × 768, èmi á mú 14, mi ò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Rírìn nínú ilé, yíyí ilé po, títo àga sí yàrá: ibí ni títóbi ti ń sanwó ara rẹ̀ padà. Ibí náà sì ni ọ̀rọ̀ obìnrin ti wọlé.

## Ohun tó ń ran obìnrin lọ́wọ́ jù

Mary Czerwinski, Desney Tan àti George Robertson ti ilé ìwádìí Microsoft ló ṣe ìwádìí tó kan obìnrin gan-an, ní 2002. Ṣáájú wọn, àwọn ìwádìí ti ń sọ pé ọkùnrin ń yára rí ọ̀nà nínú ìlú orí kọ̀ǹpútà ju obìnrin lọ. Wọ́n wá fẹ ojú kọ̀ǹpútà, wọ́n sì fẹ ohun tí kámẹ́rà inú rẹ̀ ń rí lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ran ọkùnrin lọ́wọ́, ó ran obìnrin lọ́wọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, àlàfo àárín wọn sì dín kù. Kódà nígbà tí wọ́n kó nǹkan púpọ̀ kún inú ìlú náà, fífẹ̀ yẹn ṣì wúlò fún àwọn obìnrin.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá ohun tó fa èyí rí. Bí èèyàn bá ń rìn, ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà máa ń sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú. Ọpọlọ ń fi ìsáré yẹn mọ bí a ṣe ń lọ àti ibi tí a ti yà. Ohun tí obìnrin ń jàǹfààní gan-an nìyẹn: kí àwòrán máa ṣàn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí wọ́n ti ń rìn. Ojú kọ̀ǹpútà tó fẹ̀ ń fi ìṣàn náà hàn dáadáa, tóóró ń gé e kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì.

Ẹ wo bí èyí ṣe yí ohun tí a máa rà padà. Ọ̀pọ̀ ló máa sáré lọ ra mọ́nítọ̀ ńlá, kí wọ́n wá so ó mọ́ láàpútọ́ọ̀pù tí kò lágbára. Ilé á máa fò láti ìgun kan sí òmíràn, fììn, dúró, fììn, dúró. Ìṣàn ti bàjẹ́ nìyẹn, owó mọ́nítọ̀ sì wọgbó. Bí owó ò bá tó méjèèjì lẹ́ẹ̀kan, ẹ kọ́kọ́ ra agbára: RAM tó tó 16GB, pẹ̀lú graphics (ẹ̀yà tó ń ya àwòrán sójú kọ̀ǹpútà) tó dá dúró bí ọwọ́ bá tẹ̀ ẹ́. Mọ́nítọ̀ lè dé ní sáà tó ń bọ̀. Nínú SketchUp, ẹ pa òjìji nígbà tí ẹ bá ń rìn, ìrìn á já gaara. Ẹ lo Walk dípò kí ẹ máa tẹ ìran kan tẹ̀ lé òmíràn. Mo máa ń sọ èyí fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n àwọn ọmọbìnrin ló máa ń padà wá sọ pé ilé náà ti wá "yé" àwọn.

Field of View, ìyẹn bí ohun tí kámẹ́rà inú rẹ̀ ń rí ṣe fẹ̀ tó, náà wà níbẹ̀, lábẹ́ Camera. Lórí mọ́nítọ̀ tó fẹ̀, ẹ lè fẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ẹ má ṣe é lórí láàpútọ́ọ̀pù 11.6, ẹ̀gbẹ́ yàrá á nà, òpó á tẹ̀, ilé á dà bí èyí tí a ń fi ìsàlẹ̀ ìgò wò.

## Láàpútọ́ọ̀pù 15.6 nìkan, àbí 14 pẹ̀lú mọ́nítọ̀ 24?

Fún ẹni tó ń gbé nínú hóstẹ́ẹ̀lì, tó ń kó lọ kó bọ̀, tí ìyàrá rẹ̀ kò gba tábìlì, 15.6 nìkan. Kò sí àlàyé míì.

Fún ẹni tó ní yàrá tirẹ̀ ní Under-G tàbí Adéníkẹ̀ẹ́, 14 pẹ̀lú mọ́nítọ̀ 24 ni mo máa ń ní kí wọ́n mú. A ó gbé 14 lọ sí kíláàsì torí ó fúyẹ́, a ó sì padà sí 24 nílé. Ojú mọ́nítọ̀ 24 ju ti 15.6 lọ ní ìlọ́po méjì lé díẹ̀. Tòkunbọ̀ rẹ̀ wọ́pọ̀, ó sì máa ń pẹ́ ju láàpútọ́ọ̀pù lọ torí kò ní ohun tó ń gbóná púpọ̀ nínú. Àléébù rẹ̀: ẹ̀yin tí ẹ ní láàpútọ́ọ̀pù tuntun lè máà rí ihò VGA, ihò àtijọ́ tí a fi ń so mọ́nítọ̀, lára rẹ̀, mọ́nítọ̀ àtijọ́ sì lè jẹ́ VGA nìkan. Ẹ wo ihò méjèèjì kí ẹ tó sanwó, ẹ má gbára lé "adapter wà".

Nípa iná: mọ́nítọ̀ LED 24 sábà máa ń jẹ nǹkan bí 20 sí 30 wáàtì. Ínfátà kékeré gbé e pẹ̀lú láàpútọ́ọ̀pù láìsí wàhálà. Ẹni tó ní jẹnẹrétọ̀ kékeré kò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

## Mọ́nítọ̀ 24 àbí tẹlifíṣọ̀n 32?

Ẹjọ́ yìí le, torí tẹlifíṣọ̀n ti wà nílé. Lórí tábìlì, ní sẹ̀ǹtímítà 80, ó gba ìwọ̀n kan náà níwájú ojú bí mọ́nítọ̀ 24, ó sì tóbi jù ú. Tí a bá tẹ̀ lé ohun tí Tan àti ẹgbẹ́ rẹ̀ rí, ó yẹ kó dára jù fún rírìn nínú ilé. Òótọ́ ni, fún rírìn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ 32 ọjà wa jẹ́ 1366 × 768. Ìlà AutoCAD á nípọn, lẹ́tà á máa rí hẹ́rẹhẹ̀rẹ. Àwọn míì máa ń gé etí àwòrán kúrò. Ẹ wá "Just Scan" tàbí "Screen Fit" nínú sẹ́tìn rẹ̀. Bí ọwọ́ bá sì tẹ mouse tí àwòrán ń fà sẹ́yìn, ẹ gbé e sí Game Mode.

Ìdájọ́ mi: 24 fún ẹni tó ń yà, 32 fún ẹni tó ń fi han oníbàárà. Ilé iṣẹ́ kékeré tó bá lè ní méjèèjì, kó ní in.

Projector? Fún kíláàsì nìkan, tàbí fún ìpàdé. Ó máa ń jẹ 200 sí 300 wáàtì, ó fẹ́ òkùnkùn, ọ̀sán Ògbómọ̀ṣọ́ kò sì ní òkùnkùn. Ṣùgbọ́n òun ni Tan àti ẹgbẹ́ rẹ̀ lò nínú ìwádìí wọn, nítorí náà olùkọ́ tó bá fẹ́ kọ́ ọmọ ogójì ní bí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ṣe rí nínú, kó má fojú di í.

Fóònù, ẹ fi sílẹ̀ fún sáìtì. Ó dára fún wíwo púláànù nígbà tí bíríkìlà bá ń béèrè ìwọ̀n, àti fún máàpù. Kò dára fún kíkọ́ bí ilé ṣe rí. Ọmọ tí wọ́n bá sọ fún pé kó máa fi fóònù wo 3D ná títí owó á fi dé, ojú fóònù tóóró yẹn ló máa gé ìṣàn tó nílò kúrò. Ìyẹn sì sábà máa ń jẹ́ ọmọbìnrin, torí ọmọkùnrin ni wọ́n kọ́kọ́ rà fún.

## Ríra nǹkan àbí kíkọ́ ojú?

Ohun kan wà tó dín owó ju gbogbo èyí lọ. Ní 2007, Jing Feng, Ian Spence àti Jay Pratt ti yunifásítì Toronto mú àwọn èèyàn tí kì í gbá géèmù, wọ́n ní kí wọ́n gbá géèmù ogun fún wákàtí 10. Òye àyè gbogbo wọn gòkè, ti àwọn obìnrin sì gòkè ju ti ọkùnrin lọ, débi pé àlàfo náà dín kù gan-an. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ tí wọ́n padà yẹ̀ wọ́n wò, kò tíì kúrò. Ní 2013, David Uttal àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí 217 jọ lórí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òye àyè: ó ń ṣiṣẹ́, ó ń pẹ́, tọkùnrin tobìnrin ló sì ń jèrè rẹ̀.

Ní 1993 ni Sheryl Sorby bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ injinía ní irú ẹ̀kọ́ yìí ní yunifásítì Michigan Tech ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú lẹ́ẹ̀dì àti bébà. Kí ọmọ fọwọ́ ya nǹkan láti iwájú, láti òkè, láti ẹ̀gbẹ́, kó wá yí i po lórí bébà. Nítorí náà, láàárín ọmọ tó ní 15.6 tí kò fọwọ́ yà rí àti ọmọ tó ní 13 tó ń fọwọ́ ya lójoojúmọ́, ẹ mọ ẹni tí mo máa gbà sí ọ́fíìsì mi. Ẹ ra bébà tí ìlà orí rẹ̀ jẹ́ onígun mẹ́ta-mẹ́ta (isometric) kún mọ́nítọ̀ náà. Ilé ìtẹ̀wé tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì lè tẹ̀ ẹ́ fún yín.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀rí mìíràn rèé pé ohun tí a bá fún ọmọ ń yí ọ̀rọ̀ padà. Moshe Hoffman, Uri Gneezy àti John List lọ sí ìlà oòrùn àríwá Íńdíà, wọ́n gbé èsì wọn jáde ní 2011. Láàárín àwọn Karbi, níbi tí ọkùnrin ti ń jogún ilẹ̀, ọkùnrin yára to àwòrán tí wọ́n gé sí wẹ́wẹ́ pa pọ̀ ju obìnrin lọ. Láàárín àwọn Khasi tí wọ́n jọ ń gbé nítòsí ara wọn, níbi tí ọmọbìnrin ti ń jogún, wọn ò rí àlàfo kankan. Géèmù Sea Hero Quest, tí ọ̀pọ̀ èèyàn káàkiri ayé gbá lórí fóònù, fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ hàn ní 2018: ní orílẹ̀-èdè tí obìnrin ti ń rí àǹfààní bíi ti ọkùnrin, àlàfo mímọ ọ̀nà kéré.

Bí ilé kan bá ní ọmọ méjì, ọkùnrin àti obìnrin, tí owó mọ́nítọ̀ kan ṣoṣo ló wà, ẹ gbé e sí àárín ilé kí àwọn méjèèjì máa pín in. Tó bá di ìgbà iṣẹ́ rírìn nínú ilé, kí ọmọbìnrin jókòó sí i kọ́kọ́. 

## Kí ẹ tó sanwó ní ṣọ́ọ̀bù

Ẹ kó fáìlì ilé kan sórí flash, kì í ṣe fídíò. Ẹ ní kí wọ́n ṣí i lórí ẹ̀rọ tí ẹ fẹ́ rà gan-an, kí ọmọ fúnra rẹ̀ rìn láti ẹnu ọ̀nà wọ yàrá tó jìn jù, kó sì padà jáde láìwo púláànù. Bó bá ń fò fììn, ẹ gbé e padà. Ẹ ṣí ojú ewé funfun gbalaja, ẹ wá àmì dúdú tàbí ìlà tó ń tàn. Mọ́nítọ̀ tòkunbọ̀ sábà máa ń ní in ní igun ìsàlẹ̀. Ẹ béèrè ẹsẹ̀ rẹ̀, torí wọ́n máa ń tà á lọ́tọ̀, mọ́nítọ̀ tí ẹ fi bíríkì gbé dúró kò sì ní ga tó ojú ọmọ. Wáyà HDMI tiyín ni kí ẹ mú lọ. Ti ṣọ́ọ̀bù máa ń dára ju èyí tí wọ́n máa dì sínú páálí fún yín lọ.